Ewé Ẹlẹ́rìí

Pákó ló là wọ́n láàárín. Kì í ṣe ògiri gidi. Pákó àpótí lásán ni, irú èyí tí wọ́n fi ń kó páálí wá láti ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n tú palẹ̀ tí wọ́n sì kàn mọ́ra láti ilẹ̀ dé àjà. Lọ́jọ́ tí wọ́n kàn án, kò sẹ́ni tó bá ẹnì kejì di ìṣó mú. Alábẹ́rẹ́ ń kan tirẹ̀ láti apá ọ̀tún, Ọlọ́bẹ àbúrò rẹ̀ ń kan tirẹ̀ láti apá òsì, kálukú ń kàn án bíi pé àyà ẹnì kejì ló ń kan ìṣó mọ́. Ìdí nìyẹn tí ẹnu ìṣó fi yọ lójú méjèèjì. Ẹni tó bá fara ti pákó náà, apá yòówù kó wà, aṣọ rẹ̀ á fàya.

Bàbá wọn ló ni ilé iṣẹ́ náà tẹ́lẹ̀. Ìwé tó bá ti gbó, tí òwú ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, tí ewé rẹ̀ ń jábọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé e wá. Bàbá á tú u palẹ̀, á tún un rán láti ìbẹ̀rẹ̀, á fi páálí àti awọ tuntun wọ̀ ọ́, ìwé arúgbó á sì jáde bí ọmọge. Alábẹ́rẹ́, àkọ́bí rẹ̀, ló kọ́kọ́ kọ́ iṣẹ́ náà. Òun ló sì kọ́ àbúrò rẹ̀ nígbà tí ìyẹn ò tíì mọ orí ìwé yàtọ̀ sí ìdí rẹ̀.

Bàbá kú, wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àbúrò ní òun ti hu irùngbọ̀n, òun ò lè máa jókòó sábẹ́ obìnrin mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní irùngbọ̀n kì í gé ìwé. Àbúrò ní ẹni tó ń fi abẹ́rẹ́ àti òwú jẹun, kí ló fi ju télọ̀ lọ? Ẹ̀gbọ́n ní ẹni tó ń fi ọ̀bẹ jẹun, alápatà ni, àti pé alápatà tilẹ̀ sàn jù ú lọ, torí ẹran kì í ní ọ̀rọ̀ lára. Ibi tí wọ́n ti gba orúkọ tí gbogbo àdúgbò ń pè wọ́n nìyẹn. Alábẹ́rẹ́ tilẹ̀ ti jìyà tirẹ̀ lórí orúkọ náà. Obìnrin kan tí kò mọ àdúgbò gbé ọmọ aláìsàn wá bá a lọ́jọ́ kan pé kó gún un lábẹ́rẹ́. Alábẹ́rẹ́ ní kó gbé e sún mọ́ òun, òun á rán an lẹ́nu pa, ẹkún rẹ̀ ti pọ̀ jù. Obìnrin náà sá lọ.

Bí wọ́n ṣe pín ilé iṣẹ́ nìyẹn. Alábẹ́rẹ́ gba férémù tí wọ́n fi ń rán ìwé, ó gba ẹ̀rọ ìfúnwèé, igi ńlá méjì tí irin méjì ń fà mọ́ra títí ìwé àárín wọn á fi pẹlẹbẹ. Ọlọ́bẹ gba ẹ̀rọ ìgéwèé, ọ̀bẹ tó gùn tó apá ènìyàn, tó ń bọ̀ láti òkè bí ìdájọ́. Kò sí èyí tó lè dá ìwé kan ṣe parí nínú wọn. Èyí tí Alábẹ́rẹ́ bá rán gbọ́dọ̀ kọjá sábẹ́ ọ̀bẹ kí etí rẹ̀ lè dọ́gba, kó tó padà wá gba páálí àti awọ. Nítorí náà wọ́n gé ihò kan sáàárín pákó, ó fẹ̀ tó fèrèsé ilé ìwẹ̀, wọ́n kan pẹpẹ sí i. Ìwé ń gba ibẹ̀ kọjá. Ọ̀rọ̀ ò gba ibẹ̀ kọjá.

Kì í ṣe pé wọ́n dákẹ́ o. Bí Alábẹ́rẹ́ bá fẹ́ bú àbúrò rẹ̀, ìkòkò gọ́ọ̀mù rẹ̀ ló ń bá sọ̀rọ̀. Á ní, “Ìkòkò, ṣé o rí àwọn kan, irùngbọ̀n wọn gùn, làákàyè wọn kúrú.” Láti òdìkejì pákó, Ọlọ́bẹ á máa bá ẹ̀rọ tirẹ̀ sọ ọ́: “Ọ̀rẹ́ mi, má dá wọn lóhùn. Ọkọ wọn ti sá lọ, gọ́ọ̀mù nìkan ló kù tó lẹ̀ mọ́ wọn.” Ọ̀wọ̀ ò kúrò lẹ́nu rẹ̀ láti kékeré. “Wọ́n” ló ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, bó tilẹ̀ ń gbé e gun ẹṣin èébú.

Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n jọ ń bẹ̀rù, ẹ̀gbọ́n bàbá wọn tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà. Òun náà ti rán ìwé rí, kí ojú rẹ̀ tó fọ́. Nígbà tí ariwo wọn pọ̀ jù, ó gbé ọ̀pá rẹ̀ wá, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà, ó ní òun ò ní í pẹ̀tù sí nǹkan kan, pípẹ̀tù ti sú òun. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀.

“Èyí tó bá kọ́kọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ba ìwé oníwèé jẹ́ nínú yín,” ó ní, “kó di ẹrù rẹ̀. Kó fi ilé iṣẹ́ bàbá yín sílẹ̀ fún èkejì.”

Àwọn méjèèjì gbà kíákíá, torí kálukú ti ń rí ẹnì kejì lójú pópó pẹ̀lú ẹrù lórí.

Ọdún méje kọjá. Kò sẹ́ni tó ṣubú. Alábẹ́rẹ́ ń ka gbogbo ibi tí abẹ́rẹ́ rẹ̀ gbà kọjá lẹ́ẹ̀mejì, Ọlọ́bẹ ń wọn gbogbo etí ìwé lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ ọ̀bẹ kalẹ̀. Àwọn oníbàárà ń gbé ìwé wọn lọ sílé, wọ́n ń sọ pé wọn ò rí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí, àwọn ọmọ bàbá yìí mà mọṣẹ́ o. Wọn ò mọ̀ pé ìkórìíra ni wọ́n fi rán gbogbo rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ tí nǹkan yí, Agbẹ̀bí ló wọlé. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ ọ́n. Ogójì ọdún ló fi gbẹ̀bí kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tí orí rẹ̀ ò kọ́kọ́ kan ọwọ́ obìnrin yìí. Alábẹ́rẹ́ àti Ọlọ́bẹ náà wà lára wọn. Ó gbé ìwé kan dání tó fi ìró aṣọ wé, ìwé iṣẹ́ rẹ̀, gbìǹgbìǹgbìn, èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti lọ tipẹ́, ìdì ewé rẹ̀ ti tú sí mẹ́rin. Nígbà tó tú aṣọ náà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n tó bẹ́ẹ̀ tí Alábẹ́rẹ́ fi bá a gbà á.

“Má wo ìwé tí wọ́n tẹ̀,” Agbẹ̀bí wí. “Ìyẹn wà ní ibi púpọ̀. Etí rẹ̀ ni kó o wò.”

Alábẹ́rẹ́ wo etí ìwé. Ibi tó yẹ kó funfun, ọ̀rọ̀ ló kún ibẹ̀, lọ́wọ́ kíkọ, wínníwínní, lókè, nísàlẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́. Gbogbo ìbí tó ṣòro, gbogbo ohun tí ogójì ọdún kọ́ ọ tí ẹni tó kọ ìwé náà ò mọ̀, Agbẹ̀bí ti kọ ọ́ síbẹ̀. Ní ojú ewé kan, ó kọ pé kí ọwọ́ má yá ju ọmọ lọ. Ní òmíràn, ó kọ pé kí wọ́n lé ìyá ọkọ síta, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọ̀rọ̀ mìíràn sáré dé bèbè ewé pátápátá, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jábọ́.

Ọmọ ọmọ rẹ̀ obìnrin ti parí ẹ̀kọ́, ọjọ́ kejìlá sígbà náà ló ń lọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìgbẹ̀bí nílùú jíjìn. Ìwé yìí ni Agbẹ̀bí fẹ́ fún un. “Mi ò lè kọ òmíràn mọ́,” ó ní, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú kí Alábẹ́rẹ́ rí bí wọ́n ṣe ń jó. “Lẹ́tà kan ò gbọdọ̀ sọnù níbẹ̀. Ẹyọ kan.”

Alábẹ́rẹ́ ní kí ìyá fọkàn balẹ̀. Nígbà tó sọ ọ́, òtítọ́ ló sọ.

Ọjọ́ mẹ́fà ló fi rán an. Ó fa òwú àtijọ́ yọ, ó fi omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ rọ gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀, ó fi egungun pẹlẹbẹ họ ọ́ kúrò díẹ̀díẹ̀. Ìwé náà ti pọ́n, ó ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà. Ewé irú rẹ̀, ẹni tó bá mọṣẹ́ kì í ṣẹ́ ẹ ní gbígbẹ; aṣọ tútù ló máa ń kọ́kọ́ fi tù ú. Ọwọ́ Alábẹ́rẹ́ mọ èyí bí ẹnu ṣe mọ itọ́. Ó tu gbogbo ìdì, ó so wọ́n mọ́ férémù, ó ń fi abẹ́rẹ́ wọlé, ó ń fi í jáde, ó ń bú àbúrò rẹ̀ fún ìkòkò gọ́ọ̀mù, ọwọ́ ò sì ṣì í.

Ọjọ́ kẹfà ni èṣù jókòó tì í.

Òfin méjì ni bàbá wọn fi lélẹ̀ nípa ọ̀bẹ. Èkíní: ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dé bèbè, kí ẹni tó rán an so òwú pupa mọ́ ọn kó tó gbé e fún agéwèé. Òwú pupa túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ ò gbọdọ̀ kàn án, kó kàn wò ó, kó dá a padà. Èkejì: bí ẹni tó rán ìwé ò bá fọkàn tán agéwèé, kó ṣẹ́ etí ewé kan sínú. Ọ̀bẹ ò ní í dé ibi tó ṣẹ́ sínú náà. Bí wọ́n bá gé ìwé tán tí wọ́n ṣí etí ewé yẹn, á yọ síta ju àwọn tó kù lọ, gbogbo ayé á sì rí iye tí ọ̀bẹ jẹ. Ewé ẹlẹ́rìí ni bàbá ń pè é. Agéwèé ò lè purọ́ lójú rẹ̀.

Alábẹ́rẹ́ ṣí àpótí rẹ̀, ó mú òwú pupa. Ó dì í mú. Lódìkejì pákó, Ọlọ́bẹ ń sọ fún ẹ̀rọ rẹ̀ pé ìwé àwọn kan ti pẹ́ lórí férémù, bóyá wọ́n ń fún un lọ́mú ni. Alábẹ́rẹ́ wo òwú. Ó wo pákó. Ó rò ó pé bí òun ò bá so òwú yìí, ọ̀bẹ á bọ́ sí etí ìwé bó ṣe máa ń bọ́, agéwèé tó ti mọ́ lára pé òwú ló ń kìlọ̀ fún òun ò ní í wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́tà á bọ́ sílẹ̀. Ìyá Àgbà á dìde. Ọdún méje á parí.

Ó dá òwú pupa padà sínú àpótí, ó sì pa á dé. Lẹ́yìn náà ó ṣí ìwé ní ìdajì, ó yan ewé kan tó ṣì tutù láti ìgbà rírán, ó ṣẹ́ igun rẹ̀ sínú, ó fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Ewé tútù ni, ó tẹ̀ láìjiyàn. Alábẹ́rẹ́ ò rántí pé ewé tútù kì í tutù títí. Ibi tó bá gbẹ sí lórí ìṣẹ́, ibẹ̀ ló ti kú. Bàbá ti gbá a lọ́wọ́ lórí èyí rí, nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Ṣùgbọ́n inú tó bá ti gbóná kì í gbà kí orí ṣiṣẹ́.

Ó gbé ìwé sórí pẹpẹ, ó kan pákó lẹ́ẹ̀kan. Ọwọ́ kan nà, ìwé wọlé.

Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbọ́ ọ. Gbàù. Ó dákẹ́. Gbàù. Orí, ìdí, ó ku ẹ̀gbẹ́. Gbàù. Alábẹ́rẹ́ jókòó sórí bẹ́ńṣì, ẹ̀rín ń pa á. Ó gbé oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílẹ̀, ó gé e lẹ́ẹ̀kan, ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ayọ̀ ni.

Ìwé padà gba orí pẹpẹ. Ọlọ́bẹ ti fi pépà dì í, ó fi okùn so ó. Alábẹ́rẹ́ ò tú u. Ó fẹ́ kí okùn àbúrò rẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀ nígbà tí gbogbo ojú bá pé, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé ọwọ́ òun ló gé e. Ó ránṣẹ́ sí Ìyá Àgbà. Ó ránṣẹ́ sí Agbẹ̀bí pé kó wá wo ìwé rẹ̀ kí wọ́n tó wọ̀ ọ́ láṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n pé. Ìyá Àgbà wà lórí àga, ọ̀pá láàárín orúnkún. Agbẹ̀bí dúró, ó ní òun ò jókòó, òun kàn fẹ́ fojú kan ìwé òun. Ọlọ́bẹ jáde lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀, ó yí gba ojú pópó, ó wọ ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ọdún méje rèé tó ti tẹ ilẹ̀ ibẹ̀ kẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀ fún Ìyá Àgbà, ó kí Agbẹ̀bí, ó wo àjà.

“Ìyá Àgbà,” ni Alábẹ́rẹ́ wí, “ẹ rántí òfin yín?”

“Ojú ló fọ́ mọ́ mi, etí ò fọ́. Sọ̀rọ̀.”

Alábẹ́rẹ́ sọ̀rọ̀. Ó tò ó bí ẹni tó ti ń dá a sọ láti ọdún méje. Ó ní ìwé tó kún fún ọ̀rọ̀ títí dé bèbè, pé afọ́jú tó bá fọwọ́ kàn án á mọ̀, òun gbé e fún agéwèé, gbogbo àdúgbò sì gbọ́ ọ̀bẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó ní òun ò tú okùn rẹ̀. Ó ní ẹlẹ́rìí wà nínú rẹ̀. Agbẹ̀bí tó dúró ti fi ọwọ́ di tábìlì mú. Ó bèèrè lóhùn tó lọ sílẹ̀ pé ṣé wọ́n ti gé ìwé òun ni.

 Ọlọ́bẹ kàn sọ fún Ìyá Àgbà pé kí wọ́n tú u.

Alábẹ́rẹ́ já okùn. Ó ya pépà. Etí ìwé yọ síta, pupa rúsúrúsú, rádaràda bó ṣe wà lọ́jọ́ tí Agbẹ̀bí gbé e wá. Ibi tí ọ̀bẹ bá ti kọjá máa ń funfun. Kò sí ibi tó funfun. Alábẹ́rẹ́ rí i, ṣùgbọ́n ẹni tó ti dúró ọdún méje ò lè gba ojú rẹ̀ gbọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ó ń ṣí ìwé gàdàgàdà, ó ń wá ewé rẹ̀. Ó rí i, igun rẹ̀ ṣì ṣẹ́ sínú bó ṣe ṣẹ́ ẹ.

“Ìyá Àgbà,” ni Ọlọ́bẹ wí, ohùn rẹ̀ yára, “ẹ bá mi sọ fún wọn kí wọ́n fi omi tù ú kí wọ́n tó ṣí i. Ó ti gbẹ. Èmi gan-an bẹ̀rù láti fọwọ́ kàn án.”

Ká ní ẹlòmíràn ló sọ ọ́, Alábẹ́rẹ́ ì bá gbọ́. Àjèjì tó ń kọjá lọ lójú pópó ì bá sọ ọ́, ì bá gbọ́.

“Ìyá Àgbà, ẹ bi í, ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?” ó ní. Ó fi ìka ṣí igun ewé náà.

Kò pariwo. Ó kàn dún bíi kí ènìyàn ṣẹ́ igi ìṣáná. Igun ewé wà láàárín ìka rẹ̀, ewé tó kù wà nínú ìwé, lẹ́tà sì wà lára àwọn méjèèjì.

 Agbẹ̀bí ló kọ́kọ́ sún mọ́ ọn. Ó tẹ̀ ba ìwé, ó ka èyí tó kù, jẹ́jẹ́: “Bí aboyún bá ní òun ò lè mọ́, ó kù díẹ̀ kí ọmọ dé.” Ó dúró níbẹ̀. Ohun tó kù wà lọ́wọ́ Alábẹ́rẹ́. Kò béèrè rẹ̀. Òun ló kọ ọ́. “Jókòó tì í,” ni ó parí rẹ̀ sí.

Ọlọ́bẹ ní páálí àlòkù lòun gé lẹ́ẹ̀mẹta yẹn, òun mọ̀ pé wọ́n ń gbọ́. Ó ní òun máa ń ṣí ìwé wò kí òun tó gé e, òun ò fi ti òwú ẹnikẹ́ni ṣe. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí Ìyá Àgbà. “Ẹ bi wọ́n, mà. Òwú pupa dà?”

Ìyá Àgbà ò bi í. Òun náà ti rán ìwé rí. Ó kàn yí ojú rẹ̀ tí kò ríran sí apá ibi tí Alábẹ́rẹ́ dúró sí, ó ń retí.

Alábẹ́rẹ́ lè purọ́. Ó lè ní òwú náà já bọ́, ó lè ní òun gbàgbé. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tí wọ́n ti fi bú u láyé, kò sẹ́ni tó pè é ní ojo rí.

“Ó wà nínú àpótí,” ó ní. “Mo mú un, mo sì dá a padà. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni.”

Agbẹ̀bí yíjú sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ò gbọ̀n rárá. “Ogójì ọdún mi lo fi dẹ pàkúté fún àbúrò rẹ? Ọwọ́ mi yìí ni ẹ̀yin méjèèjì bọ́ sí. Ìwọ lẹkún rẹ le jù. Mo sọ fún ìyá rẹ lọ́jọ́ náà pé ọmọ yìí á lẹ́nu. Mi ò mọ̀ pé á níkà nínú.”

Alábẹ́rẹ́ ní òun lè bá ìyá kọ ọ́ padà. Agbẹ̀bí ní ọwọ́ ta ni? Ọmọ ọmọ òun ò bẹ ọwọ́ Alábẹ́rẹ́ pé kó kọ́ òun níṣẹ́.

“Mo ti sọ tèmi láti ọdún méje,” ni Ìyá Àgbà wí, ó fi ọ̀pá kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn nìkan.

“Mo gbọ́,” ni Alábẹ́rẹ́ dáhùn. “Màá di ẹrù mi. Ṣùgbọ́n ìwé yìí ò kúrò níwájú mi bó ṣe wà yìí. Ẹ jókòó, tàbí kí ẹ máa lọ. Ẹ má dínà ìmọ́lẹ̀ mọ́ mi.”

Wọ́n jókòó. Agbẹ̀bí gan-an jókòó. Alábẹ́rẹ́ mú pépà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan jáde, èyí tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí, tí ènìyàn lè ka ìwé láti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó fẹ́ gé tín-ín-rín kan nínú rẹ̀, ọ̀bẹ tirẹ̀ ò mú tó. Ó dúró, ó wo ọ̀bẹ náà. Lẹ́yìn náà ó na ọwọ́ sẹ́yìn láìwo ẹ̀yìn.

“Fún mi ní ọ̀bẹ kékeré rẹ.”

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá àbúrò rẹ̀ sọ láti ọdún méje nìyẹn, kò sì sí ẹ̀bẹ̀ kankan nínú rẹ̀. Ọlọ́bẹ fà á yọ lápò. Èkù ló kọ́kọ́ kan ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kì í ṣe ẹnu ọ̀bẹ. Ó lè jẹ́ èkejì, kò sì sẹ́ni tó máa yà lẹ́nu.

Alábẹ́rẹ́ ta omi sí igun ewé pẹ̀lú orí búrọ́ọ̀ṣì tó kéré bí ìpéǹpéjú. Ó dúró kó rọ̀. Ó gbé e pàdé ewé rẹ̀, lẹ́tà pàdé lẹ́tà, ó fi pépà fẹ́lẹ́ náà bò ó, ó tẹ̀ ẹ́, ó sì jókòó tì í títí ó fi gbẹ, láìsọ̀rọ̀, láìbú ẹnikẹ́ni fún ìkòkò. Nígbà tó gbé e kúrò, ẹni tí kò bá mọ̀ ò ní í mọ̀. Agbẹ̀bí mọ̀. Ó fi ìka tó ń gbọ̀n tọ ojú àpá náà lọ, tọ̀ ọ́ bọ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin mìíràn ni Alábẹ́rẹ́ fi wọ ìwé náà láṣọ. Páálí líle, awọ dúdú, ẹ̀yìn tó ṣí pẹrẹsẹ láìjanpata. Ó so òwú pupa mọ́ ọn yípo, ó ta á ní kókó lẹ́ẹ̀mẹta, nígbà tí kò tilẹ̀ sí ọ̀bẹ kankan níwájú rẹ̀ mọ́. Ọ̀la ni ọmọ ọmọ ń lọ. Agbẹ̀bí gbà á, ó ṣí i, ó tì í, ó gbé e sábẹ́ apá.

“Iṣẹ́ rẹ dára,” ó ní. “Ìwọ lo burú. Má retí pé kí n dúpẹ́.”

“Mi ò retí ẹ̀, mà.”

Ó ku ẹrù. Férémù rọrùn, ìkòkò gọ́ọ̀mù rọrùn. Ẹ̀rọ ìfúnwèé ló di ìjà. Inú yàrá náà ni bàbá ti kàn án, kò sì gba ẹnu ọ̀nà Alábẹ́rẹ́ jáde. Ẹnu ọ̀nà ńlá wà ní apá Ọlọ́bẹ. Kò sí bí wọ́n ṣe máa ṣe é ju kí pákó àárín wó. Wọ́n wo pákó náà láti ojú méjèèjì, kálukú ń retí kí ẹnì kejì sọ pé ó ṣòro. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. Alábẹ́rẹ́ mú òòlù, Ọlọ́bẹ mú òòlù. Nítorí pé láti ojú méjèèjì ni wọ́n ti kàn án, láti ojú méjèèjì ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti tú u, ìṣó tí ẹnìkan bá lù yọ, ẹnì kejì ló máa fà á. Odidi òwúrọ̀ ló gbà wọ́n. Wọ́n bú ara wọn lórí ìṣó kọ̀ọ̀kan, lójúkojú, kò sí ìkòkò, kò sí ẹ̀rọ.

Nígbà tí pákó tó kẹ́yìn wó, yàrá náà tún di ọ̀kan bó ṣe wà láyé bàbá, ó fẹ̀, ó mọ́lẹ̀. Wọ́n dúró láàárín rẹ̀, òógùn bò wọ́n. Bí ẹnikẹ́ni nínú wọn bá ní ọ̀rọ̀ ìdúró lẹ́nu, ibẹ̀ ló yẹ kó ti sọ ọ́.

“Gbé ìdí rẹ̀,” ni Alábẹ́rẹ́ wí. “Èmi á gbé orí.”

Wọ́n gbé e gba ẹnu ọ̀nà ńlá jáde, wọ́n gbé e sọdá ojú pópó. Ẹni tó fún Alábẹ́rẹ́ láyè ní iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lódìkejì ni télọ̀ àdúgbò. Ọlọ́bẹ rí ibi tí wọ́n ń gbé ẹrù lọ, kò lè pa á mọ́ra.

“Mo kúkú ti sọ ọ́ láti ọdún méje,” ó ní láti abẹ́ igi, ọrùn rẹ̀ le, “pé télọ̀ ni wọ́n.”

“Alápatà, wo iwájú rẹ. Bó o bá gbé igi bàbá mi ṣubú, wàá rí mi.”

Ó ti lé lọ́dún kan báyìí. Alábẹ́rẹ́ ń rán, Ọlọ́bẹ ń gé, ojú pópó ló wà láàárín wọn, oníbàárà ló ń gbé ìwé sọdá. Kò sí èyí tó bú ẹnì kejì gba ẹ̀yìn mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wà, wọ́n á jù ú sọdá lójúkojú, kí àwọn tó ń kọjá sá fún un. Ìwé tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá dé bèbè, òwú pupa máa ń wà lára rẹ̀, kò tàsé rí. Síbẹ̀, bí ìwé kan bá dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́bẹ láti òdìkejì, kì í gbé e wọlé. Ẹnu ọ̀nà ló ń dúró sí, ní ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti lè rí i, á sì máa ṣí i ní ewé kọ̀ọ̀kan, láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń fi àtàǹpàkò tọ igun gbogbo wọn, ó ń wá ibi tó ṣẹ́ sínú.

Alábẹ́rẹ́ á gbé abẹ́rẹ́ dúró, á máa wò ó.  Ó mọ ohun tí àbúrò rẹ̀ ń wá.

Ọlọ́bẹ ò tíì rí ọ̀kan. Ó ṣì ń wá a.